Wọ́n Ní Èso Kì Í Pa Ènìyàn

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ọ̀nà Ìgandò, ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó na ìwé pélébé kan sí mi, ó ní, "Èyí ni kẹ́ ẹ máa fún àwọn aláìsàn kíndìnrín. Gbogbo ohun tí wọ́n lè jẹ àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ló wà níbẹ̀."

Mo wo ìwé náà. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀dà títí lẹ́tà rẹ̀ fi ń parẹ́. Níbi tí wọ́n kọ ohun tí aláìsàn lè jẹ sí, mo rí búlúbẹ́rì, mo rí kíránbẹ́rì, mo rí ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní asipárágọ́ọ̀sì. Iṣu ò sí níbẹ̀. Gààrí ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọ́n ń gbé Ìkòtún.

Mo gbìyànjú ṣá. Aláìsàn àkọ́kọ́ tí mo fún ní ìwé náà jẹ́ obìnrin àgbà kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì kà á fún un. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ta búlúbẹ́rì yìí, mà?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti jẹ ẹ́ rí?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Kí wá ni mo fẹ́ jẹ lálẹ́ òní?"

Kò bínú, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn ló ń dúró dè. Mo gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo ẹ̀dà tó kù nínú dúrọ́ọ̀ fún àwọn tó ń tún ilé ṣe, mo ní kí wọ́n máa fi nu gíláàsì fèrèsé. Ó wúlò gan-an fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ mi jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé alásè ni mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti bẹ̀ mí rí kí n wá bá wọn se ìrẹsì ìkómọ. Onímọ̀ oúnjẹ ni mí. Àwọn tí mo sì ń ṣètò oúnjẹ fún jù ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá, tí wọ́n ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Ọ̀tá tí a jọ ń bá jà ni pòtáṣíọ̀mù. Irú iyọ̀ kan ni, tí ojú kì í rí nínú oúnjẹ. Kì í ṣe ohun búburú. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ọkàn máa lù bó ṣe yẹ. Bí kíndìnrín bá pé, gbogbo èyí tó bá pọ̀jù lára ló máa dà sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù kò ríbi gbà jáde. Á máa kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo, ara á rọ, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Bí wọn kò bá tètè rí i, ó lè dúró lójijì.

Ibi tí wàhálà iṣẹ́ mi wà gan-an nìyí: inú ohun tí gbogbo ayé ń pè ní oúnjẹ aṣaralóore ni pòtáṣíọ̀mù pọ̀ sí jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, omi àgbọn, ẹ̀wà, iṣu, tòmátì, ọsàn, ewébẹ̀ tútù tí a kò bọ̀. Gbogbo ohun tí ìyá ènìyàn ti ń sọ láti kékeré pé kó jẹ kó lè lágbára. Èmi ni mo máa wá jókòó síwájú àgbàlagbà, tí màá ní kó fi wọ́n sílẹ̀, kó máa mu ògì, kó máa jẹ ìrẹsì funfun. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláìsàn wa fi ń pè mí ní Ìyá Má-jẹ-ẹ́. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Irọ́ ni orúkọ náà, nítorí kì í ṣe kí n sọ pé má jẹ ẹ́ ni iṣẹ́ mi. Ajá lásán lè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kó máa lé ènìyàn kúrò nídìí oúnjẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n wá ọ̀nà tí yóò fi jẹ ẹ́ láìkú. Ẹ fẹ́ jẹ iṣu? Ẹ bẹ́ ẹ, ẹ gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ da omi náà nù. Ẹ fi omi tuntun sè é, kí omi náà sì pọ̀. Ẹ da ìyẹn náà nù. Pòtáṣíọ̀mù á ti bá omi lọ, díẹ̀ ló máa kù. Ẹ̀fọ́ náà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún un. Ẹ má mu omi rẹ̀, ẹ má sì fi se nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ìwọ̀nba, kì í ṣe òkìtì. Kò le. Ohun tó le ni láti rí ẹni tó máa gbà pé ohun tí kò ná ènìyàn ju omi lọ lè gba ẹ̀mí là.

Nítorí pé ibi gbogbo ni àwọn ọlọ́gbọ́n wà. Wọ́n wà lórí fóònù, ọkùnrin tó wọ kóòtù funfun tí kò sí ilé ìwòsàn kankan tó mọ̀ ọ́n, tó ń sọ pé ewé báyìí pẹ̀lú omi báyìí máa fọ kíndìnrín mọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò. Wọ́n wà nínú mọ́tò, wọ́n wà nínú ilé ìpàdé. Àwọn tó tiẹ̀ máa ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ èso wá bẹ aláìsàn wò. Wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ. Ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ èso wá fún aláìsàn kíndìnrín kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lọ kí ará ilé tí iná ń jó. Bí mo bá sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní mo fẹ́ lọ jẹ ẹ́.

Nínú gbogbo àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí, kò sí èyí tí mo rántí bí Àǹtí Mojí.

Àbúrò rẹ̀ ló jẹ́ aláìsàn wa. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Gowon Estate. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ẹgbẹ́dá. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, bó bá sì ń ronú, ìka rẹ̀ á máa tẹ orin lórí itan rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tólú, ló ń bá a wá nígbà gbogbo. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ń ṣàlàyé, á tẹjú mọ́ mi lẹ́nu títí, lẹ́yìn náà á tún gbogbo rẹ̀ sọ padà fún mi lọ́rọ̀ kan méjì, kò sì ní í ṣì í. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá mi dunàádúrà.

"Dòdò ńkọ́, mà? Díẹ̀ péré."

"Rárá, sà."

"Ẹyọ kan tó tinrin?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ dùùrù, ẹ mọ̀ pé àṣìtẹ̀ kan ṣoṣo lè ba gbogbo orin jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn akọrin òun ń ṣìkọ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, orin ò sì tíì kú.

Mo ṣètò oúnjẹ fún un bí ó ṣe yẹ. Ẹ̀kọ àti ẹyin láàárọ̀. Ìrẹsì funfun lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí a fi ata rodo àti àlùbọ́sà ṣe ní pàtàkì, tí tòmátì inú rẹ̀ kéré, àti ẹja tútù díẹ̀. Iṣu tí a rẹ, ẹ̀fọ́ tí a fún, ọ̀pẹ òyìnbó ègé kan bí ohun dídùn bá ń wù ú. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dára. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò, tiẹ̀ yìn mí lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo rántí nítorí pé kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Pòtáṣíọ̀mù rẹ̀ gòkè díẹ̀, a bi wọ́n, Ìyá Tólú ní nǹkan kan ò yí padà. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó di ọjọ́ Ìsinmi kan. Wọ́n ń kọ orin ìwọlé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé gbé ẹsẹ̀ láti tẹ pẹ́dàlì ìsàlẹ̀ dùùrù, ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn. Orin dá sí méjì. Àwọn akọrin rò pé iná ló lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa wò ó, ó ti fẹ̀gbẹ́ ti dùùrù, kò lè dìde.

Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n gbé e wá; wọ́n pè mí, mo sì lọ bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn ti fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ọkàn, wọ́n sì gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àwọ̀ padà sí ojú rẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù ni. Ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé dókítà ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e wá, òkú ni wọn ìbá gbé wá.

Dókítà yíjú sí mi. "Màdáàmù, kí gan-an lẹ ní kó máa jẹ?"

Kí n tó dáhùn, ohùn obìnrin kan ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. "Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bi í nìyẹn."

Bí mo ṣe mọ Àǹtí Mojí nìyẹn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó dúró ṣánṣán, ó wọ aṣọ kan tí wọ́n kọ "Kóòṣì Ìlera" sí láyà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó lọ kọ́ bí a ṣe ń gba ènìyàn nímọ̀ràn ìlera ní ilé ìtura kan ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ya fọ́tò fún un. Àdúgbò Command ló ń gbé, ó sì ní ìsọ̀ ní Ìkòtún níbi tó ti ń ta júùsì ewé àti oríṣiríṣi ohun tó ní ó ń mú ara le. Kò kí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Dókítà, ẹ wo àbúrò mi," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe rù. Ìrẹsì funfun, ògì, ìrẹsì funfun, ògì. Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni? Iṣu tí obìnrin yìí bá fẹ́ sè fún un, á kọ́kọ́ fi omi fọ gbogbo agbára rẹ̀ dànù. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tó fẹ́ kó wà láàyè?"

Ìyá Tólú dúró ti ògiri. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì di etí ìró mú. Àwọn ẹbí ọkọ méjì tí wọ́n bá Àǹtí Mojí wá ń wò ó bí ẹni ń wo olè. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ti dàgbà, ní wọ́n ti sọ̀rọ̀ nílé: bí Dáre, bí wọ́n ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé nílé, bá ti gbádùn díẹ̀, Command ni yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò sì máa bọ́ ọ. Kí ìyàwó padà sí Gowon Estate. Bí nǹkan kan bá ṣe ọkùnrin náà kó tó débẹ̀, gbogbo ayé á mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá.

Ẹ̀sùn pé ó ń pa ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kàn án yẹn, wọn kò kàn fẹ́ là á sílẹ̀. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà, ṣùgbọ́n níhìn-ín, èkúté ilé ti pe ẹlẹ́rìí àti adájọ́ pẹ̀lú.  Dókítà ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò: bóyá ètò oúnjẹ mi ni kò dára, tàbí bóyá obìnrin yìí ò tẹ̀ lé e.

Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé léèrè lórí ibùsùn. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó láti mọ̀ pé a kì í bi ọkùnrin ní ohun tó jẹ. Bó bá jẹ oúnjẹ níta, kò ní í pè é ní oúnjẹ. Mo ní, "Sà, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti jí títí ẹ ó fi sùn, kí ni gbogbo ohun tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá? Oògùn, omi, ohun tí wọ́n gbàdúrà sí, gbogbo rẹ̀."

Ó ní kò sí nǹkan mìíràn. Oúnjẹ ìyàwó òun nìkan ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe tèmi.

Èmi ìbá má rí ìdí rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ìgbéraga kì í lè dákẹ́. Àǹtí Mojí ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde. Ohun inú rẹ̀ dúdú bí ewé tó ti pẹ́ nínú kòtò omi, ó sì ki. Ó ń ṣí ìdérí rẹ̀ lọ sídìí ibùsùn. "Jẹ́ kí n fún un ní ohun tó máa gbé e dìde," ó ní. "Ẹ ti fi oògùn òyìnbó dá a lágara."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá a dúró. Mo ní kó má ṣe é. Mo fa àga sílẹ̀ fún Àǹtí, mo sì fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìgbà tí ohùn mi bá tutù ni kí wọ́n sá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwa tí a lọ yunifásítì, a ò mọ gbogbo nǹkan. Kí ló wà nínú ìgò yìí, kí àwa náà kọ́ ọ?"

Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó. "Ewé ugwu tútù ni, tí mo lọ̀ láìsè, kí agbára rẹ̀ má baà lọ."

"Ẹ ṣeun. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Ewé mòríńgà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó lè dùn lẹ́nu. Dàbínò, ìyẹn èso déètì. Dípò omi lásán, omi àgbọn ni mo fi ń lọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ń fi omi lásán ṣe é, èmi ò kí ń rẹ́ ènìyàn jẹ."

Mo wo dókítà. Ó ti gbé ọwọ́ lé iwájú orí.

"Ó dára gan-an," mo ní. "Báwo la ṣe ń lò ó?"

"Ìgò kan lójúmọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àbúrò rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti rí i pé wọ́n ń fi ebi pa á ni mo ti ń gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó bá ń kọ́ àwọn akọrin. Mo mọ̀ pé ìyàwó ò ní í jẹ́ kó mu ún nílé. Lánàá òde yìí, méjì ni mo fún un, kó lè rí agbára tẹ dùùrù lónìí."

 Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ti dàgbà yẹn ló béèrè, "Ṣé kò dára ni?"

Dókítà ló dá a lóhùn, kò sì ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kù. Ó ní bí ènìyàn bá jókòó kó máa wá ohun tó lè yára pa ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, tí kò sì fẹ́ lo májèlé, kò ní í rí èyí tó ju ohun inú ìgò yẹn lọ.

"Ewé ni," Àǹtí Mojí ní. "Èso ni. Èso kì í pa ènìyàn."

"Kò pa yín, Àǹtí," mo ní, "nítorí kíndìnrín yín pé. Tirẹ̀ ò pé. Ìrẹsì funfun tẹ́ ẹ pè ní oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ló ń jẹ́ kó rí yín lónìí. Agbára iṣu tẹ́ ẹ ní ìyàwó rẹ̀ ń fọ̀ dànù, agbára yẹn gan-an ló gbé e ṣubú nídìí dùùrù. Obìnrin tó dúró ti ògiri yìí ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ìgò ti àbúrò yín ṣubú, ẹ sì tún ń fẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn."

 Àǹtí Mojí yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Dáre, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kò bá ẹ lára mu?"

Ìka Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ń tẹ orin lórí aṣọ ibùsùn. "Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi dàgbà, Àǹtí mi. Nígbà tí Màmá kú, ẹ̀yin lẹ̀ ń já oúnjẹ lẹ́nu ara yín fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé fún mi?" Ó wo ìgò náà. "Ó sì dùn, ká má parọ́."

Àwọn kan á ní ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn rọ ọkàn mi. Ó rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àwọn tó fẹ́ràn wọn jù rán lọ sí mọ́ṣúárì. Ìfẹ́ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì fẹ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ pé kó lọ máa gbé ní Command parí síbẹ̀. Ẹbí méjèèjì rántí pé ọ̀nà jìn, wọ́n dágbére, wọ́n lọ. Kò sí èyí tó bẹ Ìyá Tólú. Ìyẹn bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ ìgò náà lọ. Nígbà tí ara ọkùnrin náà yá díẹ̀, mo sọ fún un pé n kò ní í ṣètò oúnjẹ mìíràn fún un àfi bí ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jọ wá sí ilé ìdáná wa, kí wọ́n jọ sè é lójú mi. Mi ò ní agbára kankan láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà á gbọ́ ṣá, ó sì rán wọn wá.

Àǹtí Mojí dé, ó wọ aṣọ kóòṣì rẹ̀. Mo gbé iṣu kalẹ̀ fún wọn. Ìyá Tólú bẹ́ ẹ, ó gé e pẹlẹbẹ, ó rẹ ẹ́ sómi. Nígbà tó tó àkókò láti da omi náà nù, mo ní kí Àǹtí dà á. Ó gbé abọ́ náà, ó ń wo omi tó ti dà bí wàrà.

"Nǹkan ńlá lẹ̀ ń dà nù yìí," ó ní.

"Ẹ dà á, mà."

Ó dà á nù, kò sì fi ara balẹ̀. Nígbà tí iṣu jinná, a fún ẹ̀fọ́, a fi ata àti ẹja sí i, a bu ìwọ̀nba tí mo máa ń ní kí wọ́n bù. Mo ní kí Àǹtí tọ́ ọ wò. Ó dúró, ó ní oúnjẹ aláìsàn ni, òun ò jẹ oúnjẹ aláìsàn. Ibẹ̀ ni Ìyá Tólú ti lanu sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fà mí lé ọmọ ìyá yín lọ́wọ́, ẹ ò tíì jókòó jẹ oúnjẹ mi rí. Ẹ máa ń wá, ẹ máa ń ṣí ìkòkò wò, ẹ máa ń lọ. Ẹ ò mọ bí oúnjẹ mi ṣe rí lẹ́nu. Ẹ ṣáà ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ó ń pa á."

Mo rò pé ìjà fẹ́ bẹ̀rẹ̀.  Obìnrin àgbà náà fa àga, ó jókòó, ó gba ṣíbí. Ó jẹ iṣu náà, ó jẹ ẹ̀fọ́ náà. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kéré." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ dára, ìyàwó." Òun nìkan ni ẹ̀bẹ̀ tí Ìyá Tólú rí gbà. Ó gbà á. Èmi ìbá má gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n bẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé padà sí ìdí dùùrù lẹ́yìn bí oṣù méjì. Ìsìn kan ló ń tẹ báyìí, ó ti fi ìkejì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ṣì ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣì ń bá mi dunàádúrà lórí dòdò. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń dára.

Ní ti Àǹtí Mojí, kò fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọjá ní Ìkòtún ní ọjọ́ kan, mo rí i láàárín ìgò rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ènìyàn bí ugwu ṣe ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Mo kọjá láìkí i. Mo ní ohun tí mò ń sọ nínú, kò ṣeé kọ síbí.

Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ọmọbìnrin náà kéré, ojú rẹ̀ wú, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo bi wọ́n léèrè dókítà tó ní kí wọ́n wá.

"Kì í ṣe dókítà, mà," ọkọ ní. "Ìyá kan tó ń ta júùsì ní Ìkòtún ni. A fẹ́ rà á, ó kọ́kọ́ bi wá bóyá kíndìnrín ẹni tó fẹ́ mu ún pé. Nígbà tí a sọ fún un, ó gba ìgò náà padà lọ́wọ́ wa, ó ní òun ò lè tà á fún wa. Ó ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo gbé bírò mi kalẹ̀. "Kí ló sọ nípa mi?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó ní ẹnu yín korò, pé ẹ ó bú wa, ṣùgbọ́n ká fara dà á, ká ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ."

"Ó gbọ́n," mo ní. Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, mà. Wọ́n ní èso ló dára jù fún mi."

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn.